Ní gbogbo àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi ń padà sí 2009: ẹ gbà mí o

Atẹ̀wé Àgbówó, ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgbówó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, tòkunbọ̀ sì ni gbogbo wọn. Èyí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn ló fẹ́ lé oníbàárà dànù mọ́ mi lọ́wọ́. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni, Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, ráàmù rẹ̀ kò ju 2GB lọ.

Ohun tó ń ṣe rèé. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, á kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ funfun sórí dúdú, á ní kí n tẹ F1. Ó ti mọ́ mi lára, mi ò tilẹ̀ ń kà á mọ́, F1 ni mo máa ń gbá. Á wá tàn. Àmọ́ tí mo bá ṣí Chrome, kò sí ojúlé kankan tó máa wọlé. "Your connection is not private" ló máa kọ pẹ̀lú àmì pupa gàgàrà. Lọ́jọ́ mìíràn á kọ "Your clock is behind". Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó fojú sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ni mo bá rí 1/1/2009. Ní 2009, ẹ̀yin ará, mi ò tíì lọ́kọ! Mo tún déètì ṣe, gbogbo nǹkan ṣí wẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún ti padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ọjọ́ náà.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rọ yìí kan náà tàn dé ìdajì, ojú rẹ̀ di búlúù, ó kọ oríṣìíríṣìí, mo ṣáà rántí 7B ní ìparí ọ̀kan. Mo pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Kò yẹ nǹkan kan wò, ó ní Windows ti bàjẹ́, ó sì fọ́mátì rẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń sunkún, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo tún orí kẹta àti ìkẹrin rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni yẹn tún wá lánàá, ó ní àfi kí òun tún un fọ́mátì. Mo ní kó dúró ná.

Alájàpá, 8:31

Àǹtí, ẹ jẹ́ kó fọ́mátì ẹ̀ jàre. Bí Windows ṣe rí náà nìyẹn, bó bá ti pẹ́, á dọ̀tí. Ọdọọdún ni mo ń fọ́mátì láptọ́ọ̀pù tèmi, bí ẹni ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀. Á yá fún oṣù kan, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Bàbá Ìkẹjà, 9:05

Ẹ má fọ́mátì nǹkan kan o. Alájàpá, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ná, màá padà sọ́dọ̀ rẹ.

Ìyá, ìbéèrè kan péré: tí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ṣé ẹ máa ń yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Atẹ̀wé Àgbówó, 9:20

Bẹ́ẹ̀ ni sà, gbogbo rẹ̀ pátá. Lọ́dún tó kọjá iná dé lóru tagbáratagbára, ó jó pírínńtà mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ sílé, kò sí wáyà tó ń kù lára ògiri.

Bàbá Ìkẹjà, 10:02

Ó tán. Windows yín kò ní àrùn kankan. Bátìrì ló kú.

Aago kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí kì í sùn. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, tí iná sì wà, iná díẹ̀ ṣì ń wọ inú bọ́ọ̀dù, òun ni aago yẹn ń jẹ. Bí ẹ bá yọ wáyà, bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bí kọ́bọ̀ ló máa bọ́ ọ di àárọ̀. CR2032 ni wọ́n ń pè é, fólìtì 3 ni agbára rẹ̀. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ tòkunbọ̀ ti lo èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé bátìrì rẹ̀ lókè òkun kó tó dé ọwọ́ wa. Ó tún ti jókòó nínú kọ̀nténà, ó tún ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á, láìsí wáyà kankan lára rẹ̀. Tí bátìrì náà bá kú, aago á gbàgbé ibi tó dé, á padà sí ọjọ́ tí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù náà kọ sí i níbẹ̀rẹ̀. Tiyín, 1/1/2009 ni. Ọ̀rọ̀ funfun tí ẹ ń gbá F1 lé lórí yẹn, ẹ kà á lọ́la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "CMOS checksum error" (CMOS ni ibi ìrántí kékeré tí bátìrì yẹn ń bọ́), tàbí kó ní déètì àti aago kò tọ́. Kọ̀ǹpútà ń sọ ibi tó ń dùn ún fún yín láràárọ̀, F1 lẹ fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Chrome wá ńkọ́? Gbogbo ojúlé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ló ní ìwé ẹ̀rí kan tó ń mú jáde. Ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí wà nínú rẹ̀. Chrome á wo ìwé náà, á wo aago yín, á rí i pé 2009 la wà, ìwé tí wọ́n sì gbé fún òun, ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Bí ìgbà tí èèyàn mú ìwé ìbí ọmọ tí wọn ò tíì lóyún rẹ̀ wá síwájú akọ̀wé ni. Ó ní láti kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín pé kí ẹ tẹ "Advanced" kí ẹ sì wọlé tipátipá, àgàgà tó bá jẹ́ ojúlé báńkì. Aago ni kí ẹ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ojú búlúù, torí òun ló dùn mí jù. 7B tí ẹ rí, 0x0000007B ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows jí dé ìdajì, ó wá háàdì dísìkì tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò rí i. Háàdì dísìkì kò sọnù o. Ṣé ẹ rí bátìrì yẹn, aago nìkan kọ́ ló ń bọ́. Lára àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́, òun náà ló ń bá BIOS, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, rántí gbogbo ètò tí ẹnì kan bá ti yí padà. Ọ̀kan nínú ètò náà ni ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù ń gbà bá háàdì dísìkì sọ̀rọ̀. Wọ́n lè fi í sí IDE, wọ́n lè fi í sí AHCI. Bó bá jẹ́ pé AHCI ló wà nígbà tí wọ́n fi Windows 7 àkọ́kọ́ sórí rẹ̀, tí bátìrì wá kú, tí BIOS padà sí IDE tó bá a wáyé, Windows á máa sọ èdè kan, bọ́ọ̀dù á máa sọ òmíràn. Ojú búlúù dé nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á wọ BIOS, á dá AHCI padà, á fi pamọ́, ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Fáìlì kan kò ní sọnù.

Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ dá mi lóhùn: ṣé ojú búlúù yẹn tún ti padà wá láti ìgbà tó ti fọ́mátì rẹ̀? Kò padà wá, àbí? Torí pé IDE ló wà nígbà tó ń fi Windows tuntun sí i, ìjà ti tán láàárín wọn. Òun wá rò pé fọ́mátì ló wò ó sàn. Bátìrì sì ń kú lọ ní tirẹ̀.

Atẹ̀wé Àgbówó, 10:40

Bàbá, mo ka eléyìí, mo fi ọwọ́ lérán. Kò tíì padà wá rárá, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́rin torí bátìrì!

Àmọ́ mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa mú aago fúnra rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ síbi Internet Time, mo tẹ Update now, ó kọ̀. Ó ní torí ààbò, déètì mi kò bá tiwọn mu, kí n tún déètì ṣe ná. Ìyẹn náà ni mo ń wá lọ́wọ́ rẹ̀!

Bàbá Ìkẹjà, 11:15

Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe Windows sílé nìyẹn. Bí aago bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí mélòó kan yẹ̀, á tún un ṣe. Bó bá ti ju wákàtí 15 lọ, á fura pé ẹnì kan fẹ́ tan òun jẹ, kò ní gbà. Tiyín fi ọdún púpọ̀ yẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tún ọdún àti ọjọ́ ṣe ná, ẹ wá tẹ Update now, á gbà á. Ìyẹn á gbé yín di ọjọ́ tí ẹ máa ra bátìrì.

Bátìrì náà kò wọ́n, àwọn tó ń tún aago ṣe ní i, àwọn tó ń ta rìmóòtù ọkọ̀ ní i. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa. CR2032 ni kí ẹ gbà, kì í ṣe CR2025. Àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, fólìtì 3 ni àwọn méjèèjì, àmọ́ 2032 nípọn tó mìlímítà 3.2, 2.5 ni 2025. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á máa mì nínú ihò rẹ̀. Á ṣiṣẹ́ lónìí, lọ́la kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó wá máa pè mí ní onírọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà. Bátìrì á máa dán bíi kọ́bọ̀ tuntun, kò lè fara pamọ́ fún yín. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe jókòó, kí ẹ rí i pé ojú tó ní àmì + ló kọjú sókè. Irin tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dì í mú. Ẹ fi èékánná tì í sẹ́yìn, bátìrì á ta sókè fúnra rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan gbún un látìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi tuntun sí i, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kẹ́".

Bí ẹ bá wá tàn án, ẹ wọ BIOS. F10 ni lára àwọn kan, F2 tàbí Del ni lára àwọn mìíràn, á kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ bó ṣe ń tàn. Déètì àti aago nìkan ni kí ẹ tún ṣe níbẹ̀, kí ẹ fi pamọ́. Mo tún wí o: ẹ má fọwọ́ kan ibi IDE àti AHCI yẹn. Windows tó wà lórí rẹ̀ báyìí, IDE ló mọ̀. Bí ẹ bá fi í sí AHCI torí pé mo dárúkọ rẹ̀, ojú búlúù á tún dé, èmi ni ẹ máa ṣépè fún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù, 1:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá ti sọ ọ́ tán, nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bí Àǹtí bá ń tún aago ṣe, kí wọ́n wo time zone náà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa níbí lọ sílé, aago Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì wà lára wọn. Ó ń tan ènìyàn jẹ, torí láti ìparí March títí di ìparí October, aago tiwa níbí àti ti Nàìjíríà kì í yàtọ̀ síra. Bí October bá ń parí, a máa ń dá aago wa padà ní wákàtí kan, kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìbàdàn náà á sì bá wa dá tirẹ̀ padà láìbèèrè. "West Central Africa" ni kí ẹ yàn, UTC+01:00.

Ẹ̀yin tó sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á wọ BIOS lójú yín kí ẹ tó sanwó. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ kó dànù, páswọọ̀dù ẹni tó ń tọ́jú wọn nígbà náà sì lè ṣì wà níbẹ̀. Lára láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́, yíyọ bátìrì yìí kì í sábà pa páswọọ̀dù náà rẹ́, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Alájàpá, 2:10

Ẹ̀yin bàbá wa, mo ti gbà o. Ó wá ku tèmi. Láptọ́ọ̀pù 2013, Windows 10, ráàmù 4GB. Bí mo bá tàn án, mo lè lọ ra ẹ̀kọ kí n padà dé kó tó gbà kí n tẹ nǹkan kan. Mo ṣí Task Manager, ibi tí wọ́n kọ Disk sí pupa, 100%, láì sí nǹkan tí mo ń ṣe.

Bàbá Ìkẹjà, 2:35

Mo ti ń retí rẹ. Wa CrystalDiskInfo sórí rẹ̀, òun ló ń yẹ ìlera háàdì dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni. Ṣí i, kí o sọ àwọ̀ tí o bá rí fún mi.

Alájàpá, 3:20

Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn. "Caution" ló kọ. Àmì náà wà níwájú "Reallocated Sectors Count" àti "Current Pending Sector".

Bàbá Ìkẹjà, 3:31

Ọ́ìlì kọ́ lo ń pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì ló ń kú.

Ojú ibi tí háàdì dísìkì ń kọ nǹkan sí ti ń jẹrà. Àwọn ibi kan ti kú, ó ti fi òmíràn rọ́pò wọn. Àwọn kan ṣì wà tó ń gbìyànjú láti kà, tó ń tún un kà, tó ń tún un kà. Ìyẹn ni 100% tí o ń rí. Tí o bá fọ́mátì, Windows tuntun á dé, ẹrù rẹ̀ kò tíì pọ̀, á yá ẹsẹ̀ díẹ̀. Fọ́mátì kíákíá tí gbogbo ayé ń ṣe kò tún ojú dísìkì ṣe, àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń sọ di tuntun.

Da gbogbo fáìlì rẹ jáde lónìí, kí o tó jẹun alẹ́. Ohun tí kò bá ṣeé dà, fi í sílẹ̀, mú òmíràn. Ẹnì kan máa sọ fún ọ pé kí o ṣe chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò. Má ṣe é kí o tó da fáìlì jáde o, torí gbogbo ojú dísìkì ló máa kà látòkè délẹ̀, dísìkì tó ń kú lọ lè kú sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ra SSD, dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, oní 2.5-inch tó jẹ́ SATA. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè náwó lé lórí lára láptọ́ọ̀pù ọjọ́ orí yẹn, òun nìkan ni mo lè búra fún.

Fún ẹlòmíràn tí dísìkì tirẹ̀ bá búlúù nínú CrystalDiskInfo, tó kọ "Good", tó ṣì ń rí 100%, ó lè jẹ́ pé Windows ń wa nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Lọ sínú ètò Wi-Fi rẹ, sọ ọ́ di "metered connection", ìyẹn ìsopọ̀ tí wọ́n ń ka dátà rẹ̀. Á dín dátà tó ń jẹ kù pẹ̀lú.

Ọmọ Àjàṣẹ́, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, láti Pọ́tónófò. Níbí, ilẹ̀ Faransé ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tiwa ti ń wá. Àbúrò mi fi Windows tuntun sórí ọ̀kan, ó fi páswọọ̀dù sí i, kò lè wọlé mọ́. Ó búra pé òun kò gbàgbé. Lóòótọ́, kò gbàgbé. Kíbọ́ọ̀dù Faransé ló wà lábẹ́ ìka rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni Windows rò pé ó wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ A sí, Q ni Windows ń gbọ́. Ibi tí wọ́n kọ Z sí, W ni. Tó bá jẹ́ ti Jámánì, Y àti Z ló máa ń pààrọ̀ àyè. Kí ẹ tó fọ́mátì torí páswọọ̀dù, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ ti ń wọlé, bóyá ENG ló wà níbẹ̀ tàbí FRA. Tàbí kí ẹ ṣí kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi máòsì yan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Atẹ̀wé Àgbówó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ funfun náà lónìí: "CMOS checksum error - Defaults loaded". Bàbá, ẹ̀yin àti alásọtẹ́lẹ̀!

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un kí n tó lọ ra bátìrì. Láti ìgbà tí ẹni yẹn ti fọ́mátì ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ Yorùbá tí mo ní lórí fíláàṣì kò ṣí dáadáa mọ́. Nínú àwọn kan, àpótí kékeré funfun ló dúró níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ àti ọ wà. Nínú òmíràn, lẹ́tà ẹ ti di nǹkan mìíràn pátápátá, bí èdè ará ọ̀run. Nínú àwọn kan, àmì ohùn sá kúrò lórí lẹ́tà, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀ka Èdè, 9:50

Àǹtí, iṣẹ́ tèmi nìyí, ó ti jẹ mí níyà rí. Àìsàn mẹ́ta lẹ kó pọ̀ yẹn.

Àpótí funfun: fọ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní àwòrán lẹ́tà yẹn. Fọ́mátì ló kó fọ́ǹtì yín lọ. Ẹ wa Charis SIL, Doulos SIL tàbí Gentium sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá.

Èyí tó di èdè ará ọ̀run, iṣẹ́ àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtọwọ́dá tẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn máa ń mú àmì òyìnbó kan tí a kì í lò, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ lẹ́tà ẹ. Nínú fáìlì, àmì òyìnbó yẹn ló wà níbẹ̀, aṣọ nìkan lẹ ń rí. Fọ́ǹtì lọ, aṣọ bọ́. Bí ẹ bá rí fọ́ǹtì yẹn gbà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Find and Replace yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí ojúlówó. Ó ń gba àkókò. Mo ṣe é fún orí márùn-ún, ojú mi pọ́n.

Àmì tó sá kúrò lórí lẹ́tà ló dùn mọ́ mi jù. Á, é, í, ó, ú ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Ẹ náà ní, U+1EB9, ọ náà ní. Àwọn ará Vietnam ń lo méjèèjì, ó jọ pé ojú wọn la fi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà ẹ tàbí ọ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí bí ẹni gbé igbá lérí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ igbá gbé á jẹ́ kó já sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ fọ́ǹtì náà, ó tán.

Tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ibòmíràn, ẹ lọ sí File, Options, Save nínú Word, ẹ máàkì "Embed fonts in the file", kí fọ́ǹtì lè bá iṣẹ́ rìn. Tàbí kí ẹ sọ ọ́ di PDF. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú Windows 7 yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó nínú Region and Language.

Alájàpá, 10:05

Windows 7 ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá?! Láti ọjọ́ yìí?

Bàbá Ìkẹjà, 10:30

Ó ní in. Àmọ́ kí inú yín má dùn jù sí Windows 7 náà. Láti 14 January 2020 ni Microsoft ti fọwọ́ kúrò níbẹ̀, Chrome 109 ni Chrome ìkẹyìn tó gbà láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Firefox 115 ESR ni Firefox ìkẹyìn tó gbà á, Mozilla sún ọjọ́ òpin rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwìn ni. Ìyá, ẹ máa fi ẹ̀rọ yẹn tẹ̀wé, ẹ má fi wọ báńkì. Windows 10 ti Alájàpá náà parí ní 14 October 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan àfikún. Windows 11 ní kí wọ́n mú TPM 2.0, ṣíìpù ààbò kan, wá, láptọ́ọ̀pù 2013 kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní fíláàṣì òfìfo kan, ẹ gbé Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows, sórí rẹ̀, ẹ tàn án láti ara fíláàṣì láì fọwọ́ kan háàdì dísìkì. Ráàmù 2GB ló kéré jù tó gbà, 4GB ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú òun náà, lábẹ́ Nigeria. Bí pírínńtà yín bá tẹ̀wé níbẹ̀, ẹ rò ó wò. Bí kò bá tẹ̀wé, ẹ yọ fíláàṣì, Windows yín wà níbi tí ẹ fi í sí.

Atẹ̀wé Àgbówó, Ọjọ́bọ̀, 8:03 àárọ̀

Mo ti pààrọ̀ rẹ̀! Bátìrì tí mo kọ́kọ́ rà, nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni mo rí i pé 2025 ni. Mo padà lọ, ọkùnrin náà ní kò sí ìyàtọ̀ nínú wọn. Mo ní kó gbé méjèèjì ka tábìlì kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, eruku inú rẹ̀ tó láti gbin ewédú. Aáyán kan ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Bátìrì náà wà nísàlẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ó ń dán, èékánná ni mo fi tì í. Mo gbọ́ "kẹ́" nígbà tí tuntun wọlé. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ.

Lálẹ́ àná mo yọ gbogbo wáyà bí ìṣe mi. Láàárọ̀ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ funfun, kò bèèrè F1. Mo wo igun ìsàlẹ̀, déètì òní ló wà níbẹ̀. Ojúlé tí mo kọ́kọ́ ṣí wọlé láìjanpata.

Mo ti kọ ọjọ́ tí mo fi bátìrì tuntun sí i sórí bébà kékeré kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Èyí tó ti kú wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹni tó fẹ́ fọ́mátì ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án.